Ògiri Tó Gbọ́dọ̀ Lanu

Ọ̀nà-Omi ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, ẹnu ara ẹ̀ ló sì fi fà á. Kò síbi tí wọ́n pè é sí pé kó wá wo ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òkè tí kò ní kọ́kọ́ béèrè pé, "Ọ̀nà omi dà?" Onílẹ̀ á máa ròyìn ilé tó fẹ́ kọ́ fún un, bí pálọ̀ á ṣe fẹ̀ tó, irú fèrèsé tí wọ́n máa fi síwájú, òun á ti gun orí òkè lọ ní tiẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á tẹ erùpẹ̀ wò, á tún pariwo látòkè pé, "Mo ní ọ̀nà omi dà?" Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n a máa rò pé etí ẹ̀ ò gbọ́rọ̀ dáadáa. Àwọn tó mọ̀ ọ́n a máa yára nawọ́ sí ibi tí àgbàrá ń gbà, torí wọ́n mọ̀ pé bí wọn ò bá dáhùn, obìnrin yìí ò ní sọ̀ kalẹ̀.

Iṣẹ́ ẹ̀ ni ògiri kànkéré tó ń di ilẹ̀ mú. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, kẹ́ ẹ má baà máa wo ẹnu mi lásán. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè gbọ́dọ̀ gé òkè yẹn wọnú kó tó rí ibi tó tẹ́jú tí ilé máa jókòó lé. Ibi tí wọ́n gé yìí á wá dúró gbọnrangandan lẹ́yìn ilé, erùpẹ̀ tó wà lórí ẹ̀ ò sì mọ̀ pé ẹnì kankan ti kó ẹrù wá sísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló ti ń wù ú láti wá látọjọ́ tó ti dáyé. Ògiri ló máa dúró sáàárín òun àti ilé, tó máa sọ fún un pé, "Ó tó gẹ́ẹ́, ibi tó o dé yìí náà ni." Iṣẹ́ ńlá sì ni, nítorí òkè kì í gbọ́ ìkìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Orí ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, páànù kànkéré ló sì ń gbé lé e. Láti ibi tí wọ́n ti ń pò ó dé ibi tí wọ́n ti ń dà á, òun àtàwọn aláàárù yòókù á máa lọ, wọ́n á máa bọ̀, títí ọrùn á fi ro wọ́n. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn òjò kan tó rọ̀ bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́, ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí wó lulẹ̀ lójú gbogbo wọn. Orí ló yọ wọ́n tí kò sẹ́ni tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Àwọn ọkùnrin ibi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún sìmẹ́ńtì pé ó ti pẹ́ jù, pé ayédèrú ni. Ẹnjiníà wọn, ọkùnrin kan tó máa ń fi gbogbo ọjọ́ fa ṣòkòtò ẹ̀ sókè, ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gé ẹ̀gbẹ́ agolo kan kúrò, ó fi páálí dí ojú ibẹ̀, ó sì bu yanrìn gbígbẹ kún inú ẹ̀. Páálí dúró. Ó wá rọra ń da omi sórí yanrìn yẹn. Páálí wú, ó yọ ikùn síta, ó sì ya.

"Ẹ̀ ń bá sìmẹ́ńtì jà," ló wí, "omi ló ṣe yín."

Gbogbo wọn mi orí bí ẹni tó yé. Aláàárù kànkéré yìí ló nawọ́ sókè. "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, tá a bá wá fi ìṣó lu páálí yẹn ńkọ́?"

Ẹnjiníà fa ṣòkòtò ẹ̀ sókè. Ó mú páálí mìíràn, ó fi ìṣó dá ihò sí i nísàlẹ̀, ó sì da omi. Omi gba ojú ihò jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, páálí ò mira. Inú ọkùnrin náà dùn débi pé ó gbàgbé ṣòkòtò ẹ̀. "Gbé páànù yẹn sílẹ̀," ló wí, "láti òní lọ, ẹ̀yìn mi ni kó o máa tọ̀." Bó ṣe di ọmọ-iṣẹ́ nìyẹn, tó sì kọ́ iṣẹ́ náà yanjú, tí àwọn tó ń bá a ru páànù tẹ́lẹ̀ fi wá ń pè é ní Ọ̀gá.

Ohun kan ṣoṣo ló kọ̀ tí kò kọ́: kò gbẹ́kẹ̀ lé téèpù ìwọ̀n láé. Ó ní téèpù a máa já, a máa sọnù, ẹni tó bá sì yá a, ìgbà tó bá wù ú ló ń dá a padà. Ara òun nìkan ni kò sẹ́ni tó lè wá yá. Torí náà, kí wọ́n tó da kànkéré sáàárín pákó, á lọ fẹ̀yìn ti pákó náà níbi igun, á fi orí ìka ọwọ́ ọ̀tún kan igun yẹn, á wá na apá òsì gbọọrọ. Ibi tí ìka ọwọ́ òsì bá dé, tó sì ṣe déédéé orúnkún ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa ki páìpù kúkurú kan bọ̀, kó yọ síwájú, kó yọ sẹ́yìn. Á sún síbẹ̀, á tún na apá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe títí dé igun kejì. Lẹ́yìn ògiri, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n á kó sí i, kí omi tó bá ń tòkè bọ̀ lè rí àyè sàn dé ojú páìpù. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí Ọ̀gá bá ń sanra báyìí, ihò ògiri náà á máa jìnnà síra. Á ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ẹni tó sanra kì í tìtorí ẹ̀ gùn lápá.

Ibi iṣẹ́ kan ló ti pàdé Dígí. Dígí ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó wá rẹ́ ògiri níbẹ̀, nítorí bó bá rẹ́ ẹ tán, tó fi ọ̀dà kùn ún, ojú ẹ̀ á máa dán. Ẹni tó bá fẹ́ fá irùngbọ̀n níwájú ẹ̀, ìyẹn kù sọ́wọ́ ẹ̀. Dígí rìn yí ògiri tí obìnrin náà kọ́ ká, ó fojú wọ̀n ọ́n lókè, ó fojú wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀.

"Ìwọ lo kọ́ èyí? Ó gún régé. Àmọ́ kí ni ti ihò káàkiri yìí? Ṣé èkúté lo kọ́lé fún ni?"

"Bó o bá dí ẹyọ kan nínú ẹ̀, èmi náà á dí imú ẹ."

Bí wọ́n ṣe fẹ́ra wọn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ dídùn làwọn kan fi ń fẹ́ra, ti àwọn wọ̀nyí, ìhàlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó bá wọn lára mu. Ìyàwó á kọ́ ọ, ọkọ á rẹ́ ẹ, ìyàwó á sì dúró tì í gbagidi bó ṣe ń rẹ́ ẹ, kó má lọ fọwọ́ kan ihò òun. Dígí á máa kùn sínú pé òun ti rí ẹni tó ń ṣọ́ owó, òun ti rí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ, òun ò tíì rí ẹni tó ń ṣọ́ ihò rí.

Nígbà tó yá, tí agbára wọn ká a, wọ́n ra ilẹ̀ tiwọn. Ilẹ̀ tí gbogbo èèyàn ti wò, tí wọ́n ti mírí kúrò níbẹ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ òkè tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, kò síbi tí èèyàn lè gbé àga sí tí ò ní fì. Awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé ẹ̀ wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an, jáde wá bá wọn.

"Ewúrẹ́ pàápàá, bó bá fẹ́ gba ibí yìí, a máa rò ó wò. Ilé lẹ fẹ́ gbé síbẹ̀? Bó bá yọ̀ wálẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé orí mi ló máa bà lé?"

"Kò ní yọ̀, Bàbá," ni Ọ̀nà-Omi wí. "Mo ti rí ọ̀nà omi."

Gbogbo ohun tí wọ́n ní ló wọlẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n gé òkè, wọ́n kọ́ ògiri, wọ́n wá gbé ilé sí iwájú ẹ̀, yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ọwọ́ wọn bá ṣe ràn án. Kò sí ilé mìíràn tí wọ́n lè sá lọ, kò sí ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n fi pa mọ́. Ìyá Dígí, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, wo gbogbo yàrá náà yíká, ó ní èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá, tó kọjú sí ògiri, lòun fẹ́, torí ibẹ̀ tutù, ariwo títì ò sì dé ibẹ̀. Bí ògiri yẹn bá wó, orí ibùsùn Ìyá Àgbà ló máa kọ́kọ́ balẹ̀ sí, kó tó bá ilé lọ, kó tó bá ilé awakọ̀ lọ. Ọ̀nà-Omi mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń kọ́ ọ, kò sì tíì kọ́ ògiri kan tí ó fọkàn sí tó èyí rí.

Ilé náà ò tíì gbó púpọ̀ nígbà tí iṣẹ́ kan bọ́ sí i lọ́wọ́ nílùú mìíràn, ògiri ilé ìwé kan tó wà lẹ́bàá òkè. Ó di ẹrù ẹ̀, ó lọ. Bó ṣe lọ tán ni òjò bẹ̀rẹ̀.

Kí n má purọ́ mọ́ Dígí, kì í ṣe ìkà. Ẹwà ló kó sí i lórí. Láràárọ̀ tó bá jí, tó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ògiri náà ló máa kọ́kọ́ rí: omi pupa ń sun lójú gbogbo ihò, ó ń ṣàn wálẹ̀, ó ń fa ìlà sára ògiri bí imú ọmọ tí kò sẹ́ni tó nù ún. Àwọn oníbàárà ń wá sílé, wọ́n á na ọrùn wo ẹ̀yìn, wọ́n á wojú ẹ̀, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Dígí! Ara ẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó po sìmẹ́ńtì tó ki dáadáa, ó dí àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn nínú. Ó wá rẹ́ gbogbo ògiri náà láti òkè dé ilẹ̀, kò rẹ́ iṣẹ́ tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí láyé ẹ̀. Ó fi ọ̀dà funfun kùn ún. Nígbà tó sì ti bẹ̀rẹ̀ oore, ó ṣe é yanjú: ó da kànkéré pẹlẹbẹ sí gbogbo ilẹ̀ ìdí ògiri náà, kí ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀ má baà máa wọnú ẹrẹ̀. Ó ń kọrin bó ṣe ń ṣe é. Bí ìyàwó ẹ̀ ṣe máa dì mọ́ ọn ló ń rò.

Ọ̀nà-Omi padà dé láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá díẹ̀. Dígí ò jẹ́ kó gbé ẹrù ẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyàwó mi, káàbọ̀. Má tíì jókòó. Wá wo ẹ̀yìnkùlé ná."

Ó fà á lọ́wọ́ dé ibẹ̀. Ká sọ tòótọ́, obìnrin náà kọ́kọ́ la ẹnu, kò lè pa á dé. Ògiri náà funfun báláú, ojú ẹ̀ tẹ́jú, kò sí àpá, kò sí ìlà. Orí ẹ̀ wú, ó ní, ọkọ mi ló ṣe èyí. Lẹ́yìn náà ni ojú ẹ̀ wá sọ̀ kalẹ̀ sí ibi orúnkún.

"Ọkọ mi, ihò dà?"

Dígí rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Mo ti bá ẹ pa á lẹ́nu dé."

"Ta ló ń sọ ti aláǹgbá?" Ohùn ẹ̀ lọ sókè débi pé ẹyẹ fò kúrò lórí òrùlé. "Ògiri inú ilé ni wọ́n pa òwe yẹn fún! Èyí tó di òkè mú, bí kò bá lanu, á pa èèyàn. Ọjọ́ wo lo dí i?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Kó tó di pé òjò le."

Obìnrin náà gbé ojú sókè wo òkè. Gbogbo òjò tó ti rọ̀ láti ìgbà yẹn ńkọ́, ibo ló wà? Ó mọ ibi tó wà. Ó wà lẹ́yìn ògiri, ó ń dúró. Ó fi ọwọ́ kan ojú funfun náà, ó tutù, ó ń làágùn lábẹ́ ọ̀dà. Ó ní kí Dígí di okùn ìwọ̀n mú ní igun kan, òun náà dì í mú ní igun kejì, wọ́n sì fà á le. Bí ògiri bá gún, okùn á fara kan án láti igun dé igun. Okùn fara kan án láàárín nìkan. Níbi igun tí òun dúró sí, àtàǹpàkò ẹ̀ wọ àárín okùn àti ògiri wẹ́lẹ́. Ògiri ti yọ ikùn. Láàárín ikùn náà, ìlà kan wà, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, ọ̀dà sì ti ń bó létí ẹ̀.

Dígí náà ti rí i. "Yéè, mo gbé."

"Kò tíì tó ẹ láti gbé. Wo ojú ọ̀run." Ìkùukùu tó dúdú ti ń ṣú bọ̀ láti ẹ̀yìn òkè. "Bí èyí bá fi lè rọ̀ kí omi inú yẹn tó jáde, kò ní sílé mọ́. Lọ gbé Ìyá jáde."

Ìyá Àgbà jókòó sórí ibùsùn ẹ̀, ó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó sì ti múra láti kọ̀. "Mi ò lọ síbì kankan. Ìyàwó mi ló kọ́ ọ, ọmọ mi ló rẹ́ ẹ. Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni kí n má gbà gbọ́?"

"Ọmọ yín ni, Ìyá," ni ìyàwó dá a lóhùn láti ojú fèrèsé.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá arúgbó náà kó tó mọ̀, ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni Dígí ti gbé e pọ̀n. Ó ń lu ọmọ ẹ̀ léjìká bó ṣe ń gbé e lọ, ó ní ó gbàgbé ìrọ̀rí òun, ó ní ìgbà tí òun pọ̀n ọ́n, òun kì í gbọ̀n ọ́n báyìí. Dígí gbé e jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní òdìkejì títì. Awakọ̀ ti ń kó àga ẹ̀ jáde síta ní tiẹ̀, kò sì pa ẹnu mọ́: "Mo sọ ọ́! Mo sọ ọ́ fún wọn!"

Dígí sáré padà pẹ̀lú òòlù àti irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Ó dúró níwájú ògiri. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa á lára láti ìhín dé ọ̀hún. Kò rí nǹkan kan. Ọkùnrin yìí ti rẹ́ ògiri náà dáadáa débi pé òun tó rẹ́ ẹ ò mọ ibi tí ihò wà mọ́. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi ta ara ẹ̀ yọ.

"Ibo ni kí n lù?" Omijé ti fẹ́ máa bọ́ lójú ẹ̀. "Ṣé kí n kàn máa lù ú lọ ni?"

"Bó o bá kàn ń lù ú lọ, ìwọ lo máa wó o. Ó ti yọ ikùn, kò fẹ́ ìlù púpọ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí ihò wà gan-an. Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Ó lọ sí igun, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Òtútù ẹ̀ gba inú aṣọ wọ̀ ọ́ lára. Ó fi ìka ọwọ́ ọ̀tún kan igun, ó na apá òsì, bó ṣe nà án lọ́jọ́ tí wọ́n kan pákó ẹ̀. "Ibí. Déédéé orúnkún mi." Dígí gbé irin sí i, ó gbá òòlù mọ́ ọn. Ọ̀dà bó, ohun tó rẹ́ bó, irin kan kànkéré líle, ó dún gan-an. Kànkéré ni, kò sí ihò. Ó tún gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Ògiri náà gbọ̀n díẹ̀, àwọn méjèèjì sì gbọ́ ọ.

"Dúró, dúró!" Ọ̀nà-Omi sún lọ sí ìkejì, ó tún na apá. Dígí gbá ibẹ̀ náà. Kànkéré ni.

Ẹ̀rù wá bà á tòótọ́tòótọ́. Gbogbo ìgbésí ayé ẹ̀ ló ti gbẹ́kẹ̀ lé apá yìí. Ṣé apá ti sún kì ni? Ṣé ó ti gbàgbé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀? Ó rò ó pé bí ilé yìí bá lọ, òun ò ní ojú tí òun fi máa wo ẹnikẹ́ni béèrè ọ̀nà omi mọ́. Òjò ti ń kán, ẹ̀kán kan bà á léjìká. Ó tẹ orí ba, ó wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀, ó sì rí i pé ẹsẹ̀ náà mọ́. Kò sí ẹrẹ̀ kankan lára ẹ̀, ní àkókò òjò, ní ìdí òkè.

"Dígí. Kí ni mo dúró lé yìí?"

"Kànkéré ni. Mo dà á sílẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ Ìyá."

"Báwo ló ṣe nípọn tó?"

Ó rò ó, ó gbé ọwọ́ ẹ̀ sókè, ó sì pa ìka mọ́ra. "Ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi."

"Ó dáa! Orúnkún mi ti ga ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ! O ti gbé mi sókè, mi ò mọ̀! Máa bọ̀, fi ọwọ́ yẹn sí abẹ́ orúnkún mi. Má gbọ̀n. Ibẹ̀ gan-an. Ìsàlẹ̀ ọwọ́ ẹ yẹn ni kó o lù."

Apá ìyàwó ló wọn gígùn, ọwọ́ ọkọ ló wọn ìsàlẹ̀. Dígí gbé irin sí i, ó gbá a. Ó dún gbo, bí ibi tó ṣófo.

Dígí tún gbá a, irin wọlé. Ó fa irin náà yọ, kò sì rí àyè bì sẹ́yìn. Sìmẹ́ńtì tó fi dí ihò náà ló kọ́kọ́ jáde, ó bà á láyà, omi pupa tẹ̀ lé e, ó tú yàà bí ẹni pé ó ti ń bínú láti oṣù tó kọjá, ó sì gbé Dígí jókòó lórí ìdí ẹ̀. Ẹrẹ̀ kún ojú ẹ̀, ó kún etí ẹ̀, ó kún ẹnu tó fi pa òwe aláǹgbá. Ọ̀nà-Omi kígbe débi tí Ìyá Àgbà fi gbọ́ ọ lódìkejì títì.

"Ó lanu! Ó ti lanu! Dìde, ọkọ mi, ó ku òmíràn!"

Láti ibẹ̀, kò sí ohun tó tún dá wọn dúró. Apá á nà, ọwọ́ á wọ abẹ́ orúnkún, irin á wọlé, omi á jáde. Òòlù Dígí nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tó dáa jù láyé ẹ̀ ló ń fọ́, ó ń fọ́ ọ létí-létí, ó sì ń fi gbogbo agbára ẹ̀ fọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi ikùn náà gan-an, Ọ̀nà-Omi ní kó dúró ná, kí àwọn ti ẹ̀gbẹ́ kọ́kọ́ fa omi náà wálẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ìyẹn ló le jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ìlà náà ò gùn sí i. Ó wá gbé ojú sókè, ó sọ pé, "Ó yá." Èyí tó wà níbẹ̀ ló da omi jù nínú gbogbo wọn, ó ń da erùpẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, títí omi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ihò tó gbẹ̀yìn, Ọ̀nà-Omi ti fẹ́ fẹ̀yìn ti ògiri. Dígí dá a dúró. Ó fẹ̀yìn tì í fúnra ẹ̀, ó na apá tirẹ̀, ó ká a wọlé díẹ̀ torí apá ẹ̀ gùn ju ti ìyàwó ẹ̀ lọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Omi jáde. Ó yí ojú ẹlẹ́rẹ̀ yẹn padà sí i, eyín nìkan ló funfun níbẹ̀.

"Ṣé mo gbà á?"

"O gbà á, ọkọ mi. Ó gún."

Àfi bíi pé òjò ń dúró dè wọ́n. Ó ya lulẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó lágbára ju gbogbo èyí tó ti rọ̀ ṣáájú lọ, òrùlé ń dún, títì di odò. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé í wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Onílé méjì dúró sábẹ́ ìtẹ́rígbà ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọn ò sì gbà fún un. Gbogbo ohun tí òkè dà sẹ́yìn ògiri náà ni ògiri náà ń dà síwájú, láti igun dé igun. Wọ́n tún fa okùn náà nínú òjò. Ikùn tó ti yọ ò padà wọlé, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò kan náà ló wọ̀ ọ́, kò fi eékánná kan lé sí i. Ìgbà yẹn ni Ọ̀nà-Omi ju okùn sílẹ̀, tó bọ́ sáàárín òjò, tó ń jó. Obìnrin tó sanra, tó ti dàgbà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìrìn àjò, tí kò tíì jẹun, ó ń jó nínú ẹrẹ̀, ó ń na apá méjèèjì gbọọrọ. Awakọ̀ tó wá wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ ilé dúró pẹ̀lú agboòrùn, ó wo ògiri, ó wo omi, ó ní, "Ó mà dúró o! Ó dúró, lójú mi báyìí!" Ó sì padà lọ kó àga ẹ̀ wọlé.

Dígí ń wo ògiri ẹ̀. Gbogbo ojú ẹ̀ ti bó, ọ̀dà funfun ti di àbàwọ́n, etí gbogbo ihò ya jákujàku. "Ó mà ti burẹ́wà o," ló wí, ó sì dùn ún lóòótọ́.

"Ó burẹ́wà."

"Màá tún etí àwọn ihò yẹn ṣe. Màá ṣe é róbótó, kó dán. Mi ò ní dí i."

"Mo mọ̀," ni ìyàwó ẹ̀ wí, ó sì fi aṣọ ara ẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò lójú ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ náà kún fún ẹrẹ̀ ju ojú lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìbàdí fi ń dùn wọ́n.

Wọ́n wá rántí Ìyá Àgbà. Wọ́n sáré gba inú òjò lọ sí òdìkejì títì, àga wà níbẹ̀, ìyá ò sí níbẹ̀. Onílé ibẹ̀ ní ó ti lọ tipẹ́, ó yá agboòrùn, ó ní òun ò lè máa wo ilé òun láti òkèèrè bí àlejò. Ọkọ àti ìyàwó padà wọlé pẹ̀lú ìpáyà, wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, wọ́n ń pè é. Kò dáhùn. Omi ògiri ń dún gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lẹ́yìn fèrèsé yàrá ẹ̀yìn. Dígí rọra ti ilẹ̀kùn ibẹ̀. Ìyá Àgbà ti tún ibùsùn ẹ̀ tẹ́, ó ti gbé orí lé ìrọ̀rí ẹ̀, ó ti kọ ẹ̀yìn sí ògiri, ó ń sùn.